Owó tí mo ná lórí ìbàdí Màmá, ṣé ó ṣeé yọ kúrò nínú owó orí?

Ọmọ Màmá Òkè-Ṣópẹ́n, láti Ṣágámù:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ owó orí ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tí Awùjalẹ̀ wàjà, 13 oṣù Keje 2025. Ọjọ́ yẹn náà ni Buhari kú ní London. Ilẹ̀ ti ń ṣú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Màmá mi gbé rédíò sétí. Bí wọ́n ti gbọ́ pé Ọba Adétọ̀nà ti lọ, wọ́n dìde fùú pé àwọn fẹ́ lọ sọ fún ìyá kejì tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá. Omi òjò ò tíì gbẹ nílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀, wọ́n fi ìbàdí lu ilẹ̀ gbì. Ẹni ọdún 74. Egungun itan dá níbi tó ti wọ inú ìbàdí gan-an.

Èmi ni àkọ́bí, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé ìyẹn fún yín. ₦1,450,000 ni gbogbo rẹ̀ gbà, mo sì lè kà á lórí: irin tí wọ́n fi dè é ₦620,000, iṣẹ́ abẹ àti yàrá tí wọ́n ti ṣe é ₦450,000, bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú oògùn ₦285,000, ẹ̀jẹ̀ páìntì méjì pẹ̀lú àyẹ̀wò ₦95,000. Àna mi, ọkọ àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston, fi ₦470,000 ránṣẹ́. ₦980,000 tó kù, ọwọ́ mi ló ti jáde. Owó àjọ mi wà nínú ẹ̀, ẹ̀yáwó kọpuréétíìfù náà wà nínú ẹ̀. Gbogbo rìsíìtì wà nínú agolo bisikíìtì lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìẹ, lọ́nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ń yọ ₦6,000 lóṣooṣù nínú owó oṣù mi fún ètò adójútòfò ìlera, NHIA. Ìyẹn ló gbé mi lọ́kàn dúró lọ́jọ́ náà. Mo na káàdì sí akọ̀wé ilé ìwòsàn, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi mẹ́rin tí wọn ò tíì pé ọdún 18 ló wà lórí ẹ̀, kò rí Màmá kankan. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí okùn ṣòkòtò rẹ̀ já láàárín ọjà.

Àna mi wá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ní Amẹ́ríkà, èèyàn máa ń yọ owó ilé ìwòsàn kúrò nínú owó orí tó bá ti kọjá ìdá 7.5 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún. Mo ní ṣé VAT ni, torí VAT tiwa nílé náà 7.5 ni. Ó rẹ́rìn-ín mi. Ó ní òun fẹ́ kọ ₦470,000 tòun sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kí èmi náà kó rìsíìtì mi lọ sí ilé-iṣẹ́ owó orí níbí, wọ́n á dá owó mi padà. Ìyàwó mi gbọ́ ọ. Ó ti fi owó tí a ò tíì rí kan òrùlé ilé ìdáná.

Owó oṣù mi ₦250,000. Pẹ́ńṣàn ₦20,000 ni wọ́n ń yọ lóṣù. Mo háyà ilé ní Mákùn, ₦360,000 lọ́dún. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni àna mi sọ? Tó bá jẹ́ òótọ́, ibo ni mo máa gbé agolo yìí lọ?

Ọmọ Sábó:

Bùrọ̀dá mi, owó orí ní Nàìjíríà lẹ̀ ń retí kó padà? Ẹ ti rí ẹyẹlé tó pọ ọkà tó jẹ rí? Ẹ wá rí mi. Mo mọ ẹnì kan tó máa bá yín kọ owó oṣù yín sí ₦70,000, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ mọ́. Ẹ kàn máa fún un ní nǹkan ọlọ́tí.

Ìyá Akáńtì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ìwọ Ọmọ Sábó, gbé ìwé irọ́ tìẹ sọ́hùn-ún. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦70,000, kì í san owó orí. Ṣùgbọ́n ẹni tí báńkì ń rí ₦250,000 nínú àpò rẹ̀ lóṣooṣù, tó wá kọ ₦70,000, ẹ̀wọ̀n ló ń wá kiri. Ẹni tó gba nǹkan ọlọ́tí náà kọ́ ló máa bá a ṣe é.

Ọmọ Màmá, o kú ìtọ́jú ìyá ẹ. Ọdún 27 ni mo fi ṣe ìwé owó oṣù fún àwọn èèyàn kí n tó fẹ̀yìntì, irú agolo bisikíìtì ẹ yẹn, mo ti rí i tó ogún. Kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹ: kò ṣeé yọ. Òfin owó orí wa ò ka owó tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ san nílé ìwòsàn sí ohun tí wọ́n ń yọ, yálà ti ara ẹ ni tàbí ti ìyá tó bí ẹ. Òfin àtijọ́ ò gbà á. Èyí tuntun tí Tinubu buwọ́ lù ní 26 oṣù Kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù Kìíní 2026, òun náà ò gbà á. Rìsíìtì irin, rìsíìtì ẹ̀jẹ̀, gbogbo ẹ̀, máa fi pamọ́ torí dókítà.

Kí o tún sọ fún ìyàwó ẹ kó sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé. Kódà ká ní òfin gbà á, wọn ò ní ka ₦980,000 lé ẹ lọ́wọ́. Ká yọ owó kan kúrò túmọ̀ sí pé wọn ò ní fi í kún owó tí wọ́n máa gbé ìṣirò lé. Níbi tí owó tìẹ ga dé lọ́dún 2025, ìdá 21 nínú 100 ni wọ́n ń mú ní òkè pátápátá. Bó ti wù kó pọ̀ tó, ohun tí ìbá tìdí ẹ̀ wá fún ẹ kò ní ju ₦205,800 lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ ìyàtọ̀ yìí, àwọn tó kàwé gan-an wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ tí o sọ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, ibẹ̀ gan-an lojú mi ti là. ₦6,000 ti NHIA. Ìyẹn ṣeé yọ. Pátápátá ni. Buhari tó kú lọ́jọ́ tí ìyá ẹ ṣubú náà ló buwọ́ lu òfin NHIA ní oṣù Karùn-ún 2022, tó sọ adójútòfò ìlera di dandan. Àti òfin owó orí ti àná àti tòní ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ìdáwó náà kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí, bí wọ́n ti ń ṣe fún pẹ́ńṣàn. ₦72,000 ni lọ́dún. Ìbéèrè mi ni pé ṣé àwọn ọ̀gá ẹ ń yọ ọ́ *ṣáájú* owó orí ni àbí *lẹ́yìn* owó orí? Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á gba ìdáwó náà lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á sì tún gba owó orí lórí owó tí kò dé ọwọ́ ẹ. Wá ìwé owó oṣù méjì fún mi, ti oṣù Kejìlá àti ti oṣù Kìíní. Kọ iye tí wọ́n pè ní PAYE, owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù, síbí. Má kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ o.

Kí ẹlòmíràn má tún wá bi mí ní "èmi tí mo ra káàdì HMO, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera, fúnra mi ńkọ́?" Ìdáwó ètò ìlera ti orílẹ̀-èdè ni òfin dárúkọ. Tí ìwé tó o mú wá bá fi hàn pé abẹ́ ètò yẹn ni owó ẹ wọlé sí, ọ̀rọ̀ rọrùn. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ẹ tó ní ilé ìwòsàn lò ń san owó oṣù fún pé kó máa tọ́jú ẹ, àdéhùn ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn.

Ará Ìperu ní Houston:

Mo kí gbogbo ilé, pàápàá ẹ̀yin Ìyá Akáńtì, ẹ kú làákàyè.

Bùrọ̀dá, òótọ́ ni àna yín sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ìlú kan náà la jọ wà, ó ṣeé ṣe ká ti pàdé níbi ìnáwó.

Ìdá 7.5 yẹn wà lóòótọ́. Bó ti rí ni pé tí $60,000 bá wọlé fún mi lọ́dún, $4,500 àkọ́kọ́ tí mo ná sí ilé ìwòsàn, wọn ò kà á. Ohun tó bá lé ni wọ́n ń kà. Ìyàwó mi ṣe eyín ní $7,000, ẹ wò ó, $2,500 péré ló ṣẹ́kù. Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí o. Èèyàn gbọ́dọ̀ to gbogbo ohun tó fẹ́ yọ sórí fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní Schedule A, kí àpapọ̀ wọn sì ju èyí tí ìjọba ń yọ fún gbogbo ayé láì bèèrè rìsíìtì. Fún ọdún 2025, ìyẹn jẹ́ $31,500 fún tọkọtaya, $15,750 fún ẹni tó dá wà. Nítorí náà, $2,500 eyín ìyàwó mi, mo fi pamọ́ sínú dùrọ́ọ̀. Agolo bisikíìtì tèmi nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ₦470,000 wá ńkọ́? Kò lè kọ ọ́. Kì í ṣe torí owó ò pọ̀. Ohun tí òfin wọn wí ni pé ẹni tí o bá máa kọ owó ìtọ́jú ẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ, ọkọ tàbí aya ẹ, tàbí ẹni tí ò ń gbọ́ bùkátà ẹ̀. Ẹni tí ò ń gbọ́ bùkátà ẹ̀ yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tàbí kó máa gbé Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Ìjẹ̀bú-Igbó ò sí nínú àwọn ìlú yẹn. Màmá mi wà ní Ìperu, gbogbo oògùn ìfúnpá wọn, èmi ni mò ń rà á láti ọdún 2017, mi ò kọ sẹ́ńtì kan sílẹ̀ rí. Àna yín kó tètè sọ fún ẹni tó ń bá a ṣe ìwé ẹ̀.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ fún ara wa níbí la rí jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. Awakọ̀ ni mí, mọ́tò mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́, èmi náà ni mò ń ra adójútòfò ìlera tèmi àti ti ìdílé mi. Ìyẹn ṣeé yọ láìlo Schedule A rárá, kò kàn gbọdọ̀ ju èrè tí iṣẹ́ mi mú wá lọ. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ń bá yọ tiẹ̀ kúrò nínú owó oṣù kí wọ́n tó ka owó orí ti jẹ ẹ́ tán, kò lè tún padà wá kọ ọ́. Ọ̀nà yẹn náà sì ni Ìyá Akáńtì ń bi yín bóyá àwọn ọ̀gá yín ń tọ̀.

Ọmọ Màmá Òkè-Ṣópẹ́n:

Ìyá mi, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ilé dé ibi iṣẹ́ lóru torí ọ̀rọ̀ yín, mo ní kí ọmọ HR tẹ ìwé jáde. Ti oṣù Kejìlá 2025: PAYE ₦25,806. Ti oṣù Kìíní 2026: ₦24,500. Pẹ́ńṣàn wà lókè. "Health" ₦6,000 wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ owó kọpuréétíìfù àti owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ẹ̀yin Ará Ìperu, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún àna mi lórí fóònù. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé káàdì ti tán. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti sọ fún akáńtáńtì òun.

Ìyá Akáńtì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo mọ̀. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ kọpuréétíìfù, àwọn ọ̀gá ẹ ti jẹbi. Wá jókòó, mú pẹ́ńsùlù.

Ọdún 2025 ni ká kọ́kọ́ ṣe, òfin àtijọ́ ló ń darí ẹ̀. ₦3,000,000 ló wọlé lọ́dún. Yọ pẹ́ńsàn ₦240,000, yọ ìlera ₦72,000, ó ku ₦2,688,000. Òfin yẹn wá ń fún olúkúlùkù ní ìdẹ̀rùn: ₦200,000, àti ìdá 20 nínú 100 ohun tó kù yẹn. Ìyẹn jẹ́ ₦737,600. Ó ku ₦1,950,400 tí wọ́n máa gbé owó orí lé. ₦300,000 àkọ́kọ́ ní ìdá 7, ₦300,000 tó tẹ̀ lé e ní ìdá 11, ₦500,000 ní ìdá 15, ₦500,000 mìíràn ní ìdá 19, ìyókù ní ìdá 21. Kó gbogbo ẹ̀ pọ̀: ₦297,584.

Àwọn ọ̀gá ẹ wá ń gba ₦25,806 lóṣù. Fi 12 ṣe é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦309,680. Mo tún un ṣe láìyọ ₦72,000 ìlera, ohun tó jáde gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ₦12,096 lo san jù lọ́dún 2025. Kò pọ̀. Kò lè kan òrùlé. Ṣùgbọ́n tìẹ ni, ìwọ nìkan sì kọ́, gbogbo ẹni tó wà nínú ilé-iṣẹ́ yẹn tí wọ́n ń yọ NHIA fún ló wà nínú ẹ̀. Ìwọ ṣírò ìyẹn fúnra ẹ.

Ní ti 2026, gbàgbé ìdẹ̀rùn ₦200,000 yẹn, ó ti lọ. ₦800,000 àkọ́kọ́ ò ní owó orí mọ́, lẹ́yìn ẹ̀, ìdá 15 ni títí o fi kọjá ₦3,000,000. ₦24,500 tí wọ́n gbà ní oṣù Kìíní fi hàn pé pẹ́ńṣàn nìkan ni wọ́n yọ. Wọn ò yọ ìlera. Wọn ò sì yọ owó ilé! Òfin tuntun ní kí ẹni tó ń háyà ilé yọ ìdá 20 nínú owó ilé tó san lọ́dún, kó má ṣáà ju ₦500,000 lọ. Tìẹ jẹ́ ₦72,000. Tí wọ́n bá yọ méjèèjì, ₦22,700 ló yẹ kó máa lọ lóṣù, ₦1,800 á ṣẹ́kù sọ́wọ́ ẹ. Ó tó oògùn ìrora Màmá fún oṣù kan, àbí kò tó?

Àwọn nǹkan mìíràn tó wà nínú òfin náà ò kàn ẹ́ lọ títí. Owó NHF, àpò owó ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀, wà ńbẹ̀. Owó adójútòfò ẹ̀mí tí o san lọ́dún tó kọjá wà ńbẹ̀, ti ara ẹ tàbí ti ìyàwó ẹ. Èlé ẹ̀yáwó tí o fi kọ́ ilé tí ìwọ fúnra ẹ ń gbé náà wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ìjẹ̀bú wo ló ń yá owó èlé kọ́lé? Àjọ ọdún mẹ́wàá la fi ń kọ́ ọ, ìpìlẹ̀ lọ́dún yìí, lẹ́ńtù lọ́dún mẹ́ta sí i. Ká wá mú kí ni fún wọn? Páálí sìmẹ́ǹtì?

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Kọ lẹ́tà sí HR, kó jẹ́ lẹ́tà o, kì í ṣe WhatsApp, pé kí wọ́n máa yọ ìdáwó NHIA ṣáájú owó orí láti oṣù yìí lọ. So ìwé àdéhùn ilé àti rìsíìtì owó ilé mọ́ ọn. Fún ti 2025, ó yẹ kí wọ́n ti fi ìwé gbogbo òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ owó orí Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 31 oṣù Kìíní, nítorí náà àtúnṣe ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ báyìí. Ìwọ náà ní ìwé tìẹ láti fi sílẹ̀ kó tó di 31 oṣù Kẹta. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rò pé torí wọ́n ti yọ PAYE, àwọn ò ní ìwé kankan láti kọ mọ́. Irọ́ ni. Inú ìwé yẹn ni wàá kọ ₦72,000 ìlera sí, kí o so ìwé owó oṣù 12 mọ́ ọn. Ògùn lò ń gbé, Ògùn ni wàá lọ, kódà ká ní Ìkẹjà lo ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀kan ló kù. Wo rìsíìtì ilé ìtajà oògùn dáadáa. Bí o bá rí VAT 7.5 lórí oògùn, padà lọ béèrè. Oògùn kì í ní VAT.

Ìyá Ẹlẹ́ja Òkè-Ajé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin Ìyá. Ẹja dídì ni mò ń tà, fírísà mẹ́rin, ọmọbìnrin méjì ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ṣubú mọ́ páálí ẹja lóṣù tó kọjá, mo san ₦38,000 fún ọwọ́ ẹ̀. Èmi náà ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Tí àwọn owó orí bá dé, ṣé mo lè sọ pé owó ọjà ni gbogbo ẹ̀?

Ìyá Akáńtì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Àbúrò mi, ti ọmọ náà lè wọlé. Orí iṣẹ́ yín ló ti ṣèṣe, ẹ̀yin ọ̀gá ẹ̀ lẹ san án, owó iṣẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọjà, ẹ so rìsíìtì mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá fi àwọn méjèèjì sí ètò adójútòfò ìlera tẹ́ ẹ sì ń san án fún wọn, owó iṣẹ́ nìyẹn náà. Oògùn ṣúgà yín, rárá. Ohun tí èèyàn ń ná lórí ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀ kì í ṣe owó ọjà, bí ẹja yẹn náà bá tilẹ̀ jẹ́ oúnjẹ yín láàárọ̀ lálẹ́. Tí èrè yín lọ́dún 2026 kò bá kọjá ₦800,000, ẹ ò ní san owó orí lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa kọ ìwé yín. Mo mọ fírísà mẹ́rin ní Òkè-Ajé. Ẹ má sọ fún mi pé èrè yín ò kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Òkè-Ajé:

Haà, Ìyá! NEPA ń jẹ gbogbo ẹ̀ ni o!

Ará Ìperu ní Houston:

Mo ń rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò níbí, ẹni tí mo gbé ń wò mí.

Bùrọ̀dá, ohun tí mo gbàgbé sọ: ẹ forúkọ Màmá sílẹ̀ sí ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Ògùn fúnra rẹ̀, OGSHIA. Ẹ má dúró de káàdì ilé-iṣẹ́ yín, kò ní fẹ̀ kọjá ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin àyàfi tẹ́ ẹ bá san lé e. Ohun tí mo ṣe fún Màmá mi ní Ìperu nìyẹn lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé wọn lọ ya fọ́tò.

Ọmọ Màmá Òkè-Ṣópẹ́n:

Mo padà dé. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi sáré.

HR kọ́kọ́ ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìṣirò Ìyá Akáńtì kalẹ̀ níwájú ọ̀gá wọn, ó fi ẹ̀rọ ìṣírò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ jígí, ó ní "ta ló bá ẹ ṣe é?" Mo ní ìyá mi kan ni ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ti gbé ìlera lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ńṣàn láti oṣù yìí. Ti 2025, wọ́n ní àwọn máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ fún gbogbo wa, èèyàn 61. Èmi fúnra mi ti fi ìwé tèmi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì owó orí, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi.

Owó ilé ló fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti wà ní Mákùn, Bàbá onílé ò fún mi ní rìsíìtì rí. Mo lọ bá wọn láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ń fọ ẹnu pẹ̀lú orín. Wọ́n gbọ́ "owó orí", wọ́n yọ orín lẹ́nu. "Ṣé o fẹ́ fà mí lé àwọn èèyàn yẹn lọ́wọ́ ni?" Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní ìdá tèmi ni mo fẹ́ yọ. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn rò ó. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ya ojú ewé kan nínú ìwé ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n kọ ₦360,000 sí i, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé láti ọdún tó ń bọ̀ ó di ₦450,000. Ìyá mi, ṣé ẹ rí ohun tí ìdá 20 yín fà?

Ìyá Akáńtì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo rí i. ₦90,000 lé lórí, o sì máa yọ ₦18,000 sí i nínú ìṣirò. Ìyẹn á mú ₦2,700 péré padà wá fún ẹ. Onílé ẹ mọ ìṣirò jù ẹ́ lọ. Bá a dúnàá dúrà, ₦400,000 ni kó gbà. Ìwé tó fọwọ́ sí yẹn, má jẹ́ kó gbà á padà. Màmá ńkọ́?

Ọmọ Màmá Òkè-Ṣópẹ́n:

Wọ́n ti ń rìn, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń lò. A lọ ya fọ́tò fún ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Ọjọ́rú. Mo ṣàlàyé fún wọn lọ́nà pé ìjọba ò ní dá owó irin padà. Wọ́n dákẹ́ títí a fi dé ojú ọ̀nà Orù, wọ́n wá fọwọ́ pa ìbàdí wọn, wọ́n ní, "Ṣé wọn ò sì ní wá gba irin náà lọ́wọ́ mi?" Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n wa mọ́tò mi lọ.